Ìbọn Tí Kò Sùn ní Ààbọ̀

Ẹ̀rọ ìbọn kẹta padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, nínú páálí kékeré tí wọ́n fi téèpù wé bí ẹni wé ojú egbò. Dwight tó ni ilé iṣẹ́ kò sí nítòsí, Arlene Fetterhoff ló ṣí i. Lẹ́tà kan wà lókè rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé àgbàlagbà. Ó ní: "Mo fà á dé ààbọ̀, mo gbé e ti ògiri ilé ìdáná, mo ní kí n kọ́kọ́ bu kọfí mi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ajá wa ló fi ìrù gbá a, ó sì yìn. Òrùlé mi ti lu. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí."

Ẹ má bi mí ohun tí ìbọn tó ní ẹ̀tù nínú ń wá nílé ìdáná. Òmùgọ̀ pọ̀ láyé, àwọn náà sì ń ra ìbọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń mú kí eyín irin inú ẹ̀rọ jẹ. Arlene tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀, kò pa dé. Nínú irin náà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tó ra ìbọn kò lè rí àfi tó bá tú u, ìràwọ̀ kékeré kan wà. Ìràwọ̀ tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

"Èmi kọ́," ló sọ jáde lẹ́nu. "Èmi kọ́ rárá."

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Ṣakabùlà olókùúta ni ìbọn wa níhìn-ín. Òun nìkan ni ìjọba ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà wa gbà láyè fún ìgbà ọdẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, nígbà tí àwọn oníbọn ìgbàlódé bá ti lọ sinmi. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó gùn tó ìka ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ ìbọn ló ń gbé. Òòlù kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó fi ẹnu di òkúta mú. Tó o bá fa òòlù yìí dé òpin, ó ti ṣe tán láti yìn nìyẹn. Tó o bá fà á dé ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sùn, bó o bá sì fa ibi ìfà títí ọjọ́ alẹ́, kò gbọdọ̀ jí. Eyín kékeré kan ló ń dì í mú níbẹ̀. Kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Eyín yẹn ni àwa ọdẹ àfonífojì yìí gbé ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́, a ó fa ìbọn dé ààbọ̀, a ó gbé e kọ́ èjìká, a ó sì máa gun òkè láìbẹ̀rù.

Arlene ló ń wo eyín yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì ilé iṣẹ́ tó wà létí odò, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí, tábìlì yẹn náà sì ni. Bàbá rẹ̀, Clayton, a máa tún ìbọn ṣe nínú abà wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi òkúta ìpọ́n dán eyín ẹ̀rọ títí tí ìfà rẹ̀ fi máa rọ̀ lábẹ́ ìka. Kò lọ́kọ, kò sì wá ọkọ. Wọ́n ní nígbà kan ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ láti ìlú Lebanon tó wà nítòsí wa níhìn-ín, ó bi ọkùnrin náà pé irú ẹ̀rọ wo ló wà lára ìbọn rẹ̀, ọkùnrin náà ní òun ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí síbẹ̀.

Láàárín ẹ̀rọ àádọ́ta tó ń jáde nílé iṣẹ́ yẹn, bóyá mẹ́wàá ni Arlene ń fọwọ́ ara rẹ̀ dán, àwọn tí oníbàárà bá dìídì béèrè. Wọn a kọ̀wé wá láti Ohio, láti Tẹnẹsí, wọn a ní, "Oníràwọ̀ ni mo fẹ́ o, ẹ má fún mi ní òmíràn." Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì wú. Ta ni orí rẹ̀ kò ní í wú?

Nígbà tí Dwight Laudermilch dé, Arlene lọ bá a. Dwight yìí ni ọkọ ọmọ bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ ìwé ló mọ̀ ju irin lọ. Arlene bi í pé níbo ni méjì àkọ́kọ́ tó padà wá wà. Ó ti gbọ́ nípa wọn. Ọ̀kan fọ́ gíláàsì ọkọ̀ olówó rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, èkejì yìn nígbà tí ẹni tó gbé e ń fo ọgbà wáyà, ọta gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.

"Mo ti fi tuntun pààrọ̀ fún wọn, Miss Arlene," Dwight dáhùn. "Ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn oníbàárà ló ń fi ìṣó tú u nínú ilé."

"Mo ní níbo ni wọ́n wà?"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Arlene tú àkọ́kọ́. Ìràwọ̀. Ó tú èkejì. Ìràwọ̀. Ó fìdí lé àpótí tó wà níbẹ̀. Eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jẹ, wọ́n ti yọ́ bí ọṣẹ tó sùn sínú omi mọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ ti ń rí nǹkan kan. Arlene náà ìbá rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń yìn fún ọdún méjìdínlógójì, ojú rẹ̀ kì í yá láti wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi iná, níbi tí Ray Umholtz ti ń mú irin le. Ray ló ń ki ẹ̀rọ sínú ààrò, òun ló sì ń rì í bọ epo kí ó lè le. Ó ti pẹ́ nídìí iná náà tó bẹ́ẹ̀ tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kò hù mọ́.

"Ray! Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi wo?"

"Eyín mẹ́ta rèé, wọ́n ti yọ́ tán. Iná ẹ ò gbóná. O kàn ń jẹ́ kí irin yáná díẹ̀ ni, o tún ń yọ ọ́ jáde."

"Arlene, mo ti ń da iná yìí láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi."

"Irun lọ, ọgbọ́n náà bá a lọ!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ray kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ápírọ̀ọ̀nù. "Ẹ̀rọ ogójì ni mo ń mú le fún gbogbo mẹ́wàá tí ìwọ ń dán," ló wí. "Kí ló dé tí ti àwọn ogójì yẹn kì í padà wá?"

"Nítorí àwọn tó ń ra ti ogójì kò mọ ìbọn í lò! Àwọn oníràwọ̀ ló ń lọ igbó!" ni Arlene dá a lóhùn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ọjọ́ Kérésìmesì, Elwood wá jẹun nílé Arlene. Elwood ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé bàbá wọn ló ń gbé ní òkè ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ìdílé yẹn. Ní oṣù keje, tí Elwood ṣe ọjọ́ ìbí, Arlene fún un ní ẹ̀rọ kan tó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko dán. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ti ìdí tábìlì yẹn jáde, kò sí èyí tó jókòó tì tó ti Elwood. Ó dán an, ó tún dán an, ó fi èérún òkúta tó kéré jù dán an títí tó fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú eyín náà.

"Leenie," Elwood pè é ní orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ó ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀, "ìfà ìbọn yẹn, bíi kéèyàn fi ìka kan bọ́tà ni. Lálaalẹ́ ni mò ń fà á níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ń fà á sí ààbọ̀, mo ń dá a padà, mo ń fà á sí ààbọ̀, mo ń dá a padà. Ó dùn mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ó ń dúró ní ààbọ̀?"

"Ó ń sùn bí ọmọ tuntun. Ṣé èmi ni wàá máa bi ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ ara ẹ? Bu ọ̀dùnkún sí i fún mi."

Arlene bù ú fún un. Ó fọkàn balẹ̀. Ó ní kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lọ́la nítorí òtútù.

Lọ́jọ́ kejì, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sórí òkè lọ wá àgbọ̀nrín, àmọ́ Dwight ṣí ilé iṣẹ́ títí di ọ̀sán nítorí àwọn ìwé tó ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà wọlé. Arlene kì í ṣọdẹ, ó wá. Kò pẹ́ tó jókòó tí Ray Umholtz fi wọlé wá bá a nídìí tábìlì, ẹni tó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí kò bá a sọ̀rọ̀. Ó kó eyín ẹ̀rọ méjì dání pẹ̀lú fáìlì àtijọ́ kan, irin ẹlẹ́yín wẹ́wẹ́ tí a fi ń ha irin. Ó gbé wọn kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èyí ń bọ̀ tààrà láti inú iná mi. Òkúta ẹ ò tíì kàn án. Fi fáìlì wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń dán irin wò nílé iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ tó ti wà. Bí irin bá le, fáìlì á yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá rọ̀, fáìlì á bù ú jẹ. Arlene ti fi fáìlì dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún irin wò, kí ó tó fi òkúta kàn wọ́n. Ó gba fáìlì náà pẹ̀lú ìfojú-tín-ín-rín, ó tì í lórí eyín náà. Fáìlì yọ̀. Ó tún tì í. Ó yọ̀, ó sì ké fín-ín bí ìgbà tí a bá fi èékánná ha gíláàsì.

"Ó dáa, ó le," ló wí. "Oríire ọjọ́ kan."

"Fi wo èkejì. Tìẹ nìyẹn. Inú àpótí àwọn tó o ti dán tán, tó fẹ́ jáde lọ, ni mo ti mú un."

Arlene rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ló rẹ́rìn-ín. Ó gbé fáìlì lé e, ó tì í.

Fáìlì bù ú jẹ.

Ó dúró. Ó wo ẹnu fáìlì náà, èérún irin funfun kékeré wà lára rẹ̀. Ó tún tì í, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Irin náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Arlene fa àpótí náà mọ́ra. Ó mú òmíràn nínú àpótí, fáìlì bù ú jẹ. Ó mú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, irin ń já bọ́ sílẹ̀, Ray ń ṣà wọ́n.

"Kí lo fi wọ́n ṣe?" ló ké mọ́ Ray. "Kí lo fi irin mi ṣe?"

"Èmi ò fi nǹkan kan ṣe é," Ray dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, kò sí ìjà nínú rẹ̀ mọ́. "Irin tuntun yìí, Arlene, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ a máa le dénú. Èyí, inú èédú ni mò ń sè é sí, òde rẹ̀ nìkan ló ń le. Bíi búrẹ́dì ni, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Èèpo yẹn ò sì nípọn ju ìwé méjì lọ. Ìwọ wá ń fi òkúta bó o."

"Irin tuntun wo?"

Ray wò ó. Ẹnu ya òun náà. "Láti oṣù kẹta. Ẹni tó ń ta ti tẹ́lẹ̀ fún wa ti kógbá wọlé. Dwight ò sọ fún ẹ ni?"

Dwight ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Mo rò pé Ray ti sọ fún un," ló wí.

"Èmi rò pé ìwọ lo máa sọ fún un," Ray dá a lóhùn. "Mi ò sì mọ̀ pé ó ń dán an jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo irin mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ Arlene. Ta ló máa yẹ iṣẹ́ Arlene wò?"

Ẹ gbọ́ o! Ilé iṣẹ́ odidi, iná ń jó, òṣìṣẹ́ ń gbowó, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó fi fáìlì wo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí wọ́n dán an tán. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ń wò ó. Ó le ṣáájú, wọ́n bá gbà pé ó le lẹ́yìn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àwọn wá ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a kiri oko olóko.

Arlene kò gbọ́ gbogbo ìyẹn mọ́. Ó ń ṣírò. Èyí tó bá dán díẹ̀, èèpo díẹ̀ á kù, á pẹ́ kí ó tó jẹ. Èyí tó bá dán púpọ̀, á tètè jẹ. Èyí tó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ńkọ́? Èyí tí ẹnì kan ń fà sí ààbọ̀ lálaalẹ́ láti oṣù keje?

"Elwood," ló sọ. Lẹ́yìn náà ó pariwo rẹ̀. "Elwood!"

Kò dúró mú kóòtù. Elwood kì í gbé fóònù lọ sórí òkè, inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ló ń fi í sí, bó bá tiẹ̀ gbé e, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Arlene wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wa á gòkè lórí yìnyín, táyà ń yọ̀, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lóhùn òkè, ó ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ó ń bú ara rẹ̀. Ó mọ ibi tí Elwood ń jókòó sí, ìdí kùkùté igi kan tí bàbá wọn ń jókòó sí, ìbọn lórí itan, ní ààbọ̀, ẹnu rẹ̀ sápá òsì. Kò lè lé ìbọn náà kúrò lójú rẹ̀.

Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ó rí píkọ́ọ̀pù Elwood. Lẹ́yìn rẹ̀, ó rí Elwood fúnra rẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó, fìlà ọdẹ aláwọ̀ ọsàn lórí, ìbọn léjìká, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó wà láàyè! Arlene fọwọ́ ti ọkọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Leenie? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀."

"O ò wọ kóòtù. O fẹ́ kú ni?"

"Elwood, mo ní gbé e sílẹ̀! Ẹ̀rọ yẹn ò dáa. Èmi ni mo bà á jẹ́. Eyín rẹ̀ ti rọ̀, kò ní í dúró ní ààbọ̀."

Elwood wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó lálàá burúkú. Ó gbé búrẹ́dì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹnu fẹ́ ẹ fùú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Bí o bá ti da ẹ̀tù àwo nù, lójú òfin wa níhìn-ín, ìbọn rẹ ti ṣófo, o lè gbé e sọ́kọ̀. Lójú òfin ni o. Ẹ̀tù àti ọta tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ìbọn ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti ṣófo," Elwood wí. "Ṣé ọkàn ẹ ti balẹ̀?"

"Rárá. Gbé e fún mi."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Lánàá lo ń bi mí bóyá ó ń dúró, mo sọ fún ẹ pé ó ń dúró. Wọ́n ti dẹ́rù bà ẹ́ níbi iṣẹ́. Ray Umholtz ni, àbí? Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú ẹ. Wò ó, ṣé o rántí ti bàbá? Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Arlene rántí. Ta ni kò rántí ní àfonífojì yìí? Clayton Fetterhoff a máa fa ìbọn sí ààbọ̀, a máa fi ìdí rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbọn-ìn gbọn-ìn. Èyí tó bá dúró, a gbé e fún olówó rẹ̀. Èyí tí kò bá dúró, a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Arlene fúnra rẹ̀ ń lu ẹ̀rọ oníràwọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ kí ó tó jáde nílé iṣẹ́, gbogbo wọn ló sì dúró, nítorí wọ́n ṣì tuntun, èèpo díẹ̀ ṣì kù lára wọn.

"Má ṣe é!" ló ké, ó ń sáré lọ bá a, yìnyín ń gbá a lẹ́sẹ̀. "Elwood, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é!"

Elwood fa òòlù sí ààbọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹnu ìbọn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó lu ilẹ̀ dídì náà lẹ́ẹ̀kan. Òòlù dúró.

"Wò ó."

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Òòlù dúró.

"Ìràwọ̀ Arlene nìyí, kì í—"

Ìgbà kẹta ni òòlù já. Òkúta gbá irin, iná ta, hóró ẹ̀tù mélòó kan tó kù sínú àwo náà gbà á, ìbọn bú gbàù, igbó dáhùn. Èéfín funfun bo àwọn méjèèjì. Arlene kò rí nǹkan kan. Ó ń na ọwọ́ nínú èéfín, ó ń ké orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn èèyàn létí ara rẹ̀.

Nígbà tí èéfín ká, Elwood ti jókòó sínú yìnyín. Fìlà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ihò ti wà níwájú fìlà náà níbi tí ọta gbà. Irun ojú rẹ̀ apá ọ̀tún ti jó. Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn láti etí rẹ̀ bọ́ sí ọrùn ẹ̀wù. Ojú rẹ̀ là gboro, ó ń wo ìbọn tó wà nílẹ̀.

"Mo da ẹ̀tù àwo nù," ló ń sọ. "Leenie, o rí mi. Mo dà á nù. O rí mi, àbí o ò rí mi?"

"Mo rí ẹ. Mo rí ẹ, Elwood. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Sọ̀rọ̀ sókè," Elwood wí. "Mi ò gbọ́ ẹ."

Dókítà tó wò ó ní etí ọ̀tún náà kò ní í gbọ́ràn mọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó tẹ orí sí i díẹ̀ péré, ọ̀rọ̀ míì là ò bá máa sọ. Arlene jókòó sórí àga níwájú dókítà, kò sunkún, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ fún un nígbà ọmọdé, kò sì mọ̀ pé òkúta ìpọ́n wà lára ohun tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀rọ oníràwọ̀ mẹ́tàléláàádọ́rin ló ti jáde láti oṣù kẹta. Dwight ní òun máa kọ lẹ́tà, àmọ́ kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn ọdún tuntun. Arlene bi í pé ṣé agbẹjọ́rò ló máa wá dúró níwájú ẹnu ìbọn títí di ìgbà náà. Ó gba orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi irin tó fi ń tẹ ìràwọ̀ lé Ray Umholtz lọ́wọ́, Ray béèrè pé kí lòun máa fi ṣe, ó ní kí ó jù ú síná. Lẹ́yìn náà, níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ray, má bínú." Ray ní kí ó lọ tẹ àwọn èèyàn láago.

Ó tẹ̀ wọ́n. Ohun tó tún wá já a láyà ju ìró ìbọn yẹn lọ nìyí: wọn ò gbà á gbọ́! Bó bá ṣe ń sọ pé, "Arlene Fetterhoff lorúkọ mi, ẹ má ki ẹ̀tù sínú ìbọn yẹn mọ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí i, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń pe ìyàwó wọn wá gbọ́ ohùn rẹ̀. Mélòó kan gbà. Àwọn tó pọ̀ jù ní tiwọn dáa. Ọ̀kan ní ó ti mọ́ òun lọ́wọ́, òun ò lè fi í sílẹ̀. Òmíràn rò pé ilé iṣẹ́ míì ló fẹ́ fi ọgbọ́n gba ẹ̀rọ oníràwọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ ọdún tuntun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì kíkan wà lórí iná, Elwood jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná Arlene, bándéèjì létí. Arlene ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ohio. Ohùn rẹ̀ ti há. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù débi tí Elwood fi ń gbọ́ ọ níbi tó wà.

"Ìyá, ẹ má ṣèyọnu. Mo mọ ti bàbá yín, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró, mo máa lọ gbé e wá, mo máa fà á sí ààbọ̀, mo máa lù ú nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ."

"Ẹ má lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e!"

Ọkùnrin náà ti ń lọ. Arlene ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí pákó, ó gbọ́ bó ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀. Arlene na fóònù sí Elwood. Elwood gbà á. Ó gbé e sí etí ọ̀tún, ó rántí, ó gbé e sí etí òsì.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọdún tuntun," ló wí. "Elwood Fetterhoff lorúkọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Èmi náà da ẹ̀tù àwo nù, mo sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn án pé iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá máa dá mi lóhùn, ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀. Etí kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún mi."

Elwood gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe rọra gbé nǹkan wúwo kan kalẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó béèrè àdírẹ́sì tí òun máa fi í ránṣẹ́ sí. Elwood kà á fún un, ó ń pe lẹ́tà orúkọ àdúgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Arlene ti ń wá nọ́ńbà ẹni tó kàn.